Àwọ̀ Táyé

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: inú fílítà máa ń bí mi. Àwọn tó wà nínú fóònù yẹn ni mò ń wí, èyí tí ènìyàn á fọwọ́ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí gbogbo àwọ̀ fọ́tò rẹ̀ á yí padà. Ọmọ Ifẹ̀ dúdú, tí ara rẹ̀ ń dán, á jókòó síwájú kámẹ́rà mi, n ó yà á dáadáa, kó tó délé ó ti fi fílítà bó ara rẹ̀ bí ẹni bó iṣu. Imú á tín-ín-rín, ojú á funfun báláú, á wá gbé e sórí WhatsApp, á sì kọ orúkọ sítúdíò mi sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbà mí o! Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe fílítà fúnra ẹni. Tèmi kì í bó ẹnikẹ́ni. Díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń fà á, bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ẹni tó bá wo fọ́tò náà á kàn ní, "Fisáyọ̀mi, èyí mà dùn ún wò o," kò sì ní í mọ ohun tí mo ṣe sí i.

Mayfair, níbí nílùú Ifẹ̀, ni sítúdíò mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan. Ibẹ̀ ni Aǹtí Kẹ́hìndé wá bá mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè, nǹkan bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀. Aǹtí Kẹ́hìndé ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹta ní Ìrẹmọ. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá gbóhùn rẹ̀, ọwọ́ mi méjèèjì á fò sẹ́yìn.

"Fisáyọ̀mi."

"Mà!"

"Ṣé o ṣì ń jẹ èékánná?"

"Rárá o, mà."

Irọ́ ni. Ó wo ọwọ́ mi, ó mi orí, ó sì jókòó. Ó yọ nǹkan kan láti inú báàgì rẹ̀ tí ó fi gèlè àtijọ́ wé. Ó tú u bí ẹni tú aṣọ lára ọmọ tuntun. Fọ́tò ni, fọ́tò dúdú òun funfun tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi tíì. Ọmọbìnrin méjì ló wà nínú rẹ̀, bóyá wọn ó tó ọmọ ọdún márùn-ún. Kálukú jókòó sórí àga tirẹ̀, aṣọ kan náà lọ́rùn, bàtà kan náà àti ìbọ̀sẹ̀ funfun kan náà lẹ́sẹ̀, ríbọ́ọ̀nù dúdú kan náà lórí.

"Èmi ni ti apá òsì yìí," ó ní. "Táyé ni ti apá ọ̀tún. Ibà ló mú un lọ kí n tó gbọ́n. Àwòrán rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà láyé rèé, kò sí òmíràn. Nítorí náà, bí o bá da omi sí i, kí o má padà wálé."

Mo gbé e sún mọ́ ojú fèrèsé. Ìbejì tó jọra ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lápá ọ̀tún pọ́n díẹ̀ ju èkejì lọ, ojú rẹ̀ sì tutù, ẹnu rẹ̀ dà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi kì í dúró de ọpọlọ mi. Mo ní, "Èyí mà pọ́n jù yín lọ, mà."

Aǹtí Kẹ́hìndé mí kanlẹ̀.

"Ìwọ náà rí i. Gbogbo ayé ló ń rí i. Láti kékeré ni. Àlejò á wọ pálọ̀ ìyá mi, èmi ni n ó gbé omi wá fún wọn lórí ìkúnlẹ̀. Wọn á gba omi lọ́wọ́ mi, wọn á gbójú sókè wo fọ́tò yìí lára ògiri, wọn á ní, 'Háà, èyí tó lọ yìí ló mà rẹwà o.' Èmi tí mo wà láyé wà níbẹ̀ tí mo di abọ́ mú." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "N ò ní í purọ́ fún ọ, Fisáyọ̀mi. Mo jowú rẹ̀. Ẹni tó ti kú láti kékeré, mò ń jowú rẹ̀! Mo ti gbàdúrà sí i títí, kò lọ."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

"Sátidé yìí ni mo pé ọgọ́ta ọdún," ó ní. "Mo fẹ́ kí o yà mí lónìí, kí o wá fi èyí tí o bá yà àti ti àtijọ́ yìí sínú férémù kan. Àwọ̀ wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Mi ò fẹ́ kí n máa dán yanran bí àwo tánganran tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi. Tèmi ni kí o sọ di àtijọ́. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, má fọwọ́ kan àwọ̀ Táyé. Pípọ́n rẹ̀ yẹn, Ọlọ́run ló fún un. Mi ò ní í tìtorí pé mò ń jowú kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo yà á. Léèsì aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní Táyé ló ń rẹ́rìn-ín, òun kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Mo yà á bẹ́ẹ̀, ó dìde, ó tún wo èékánná mi, ó sì lọ.

Ní ọjọ́ Túsìdeè ni mo fi ẹ̀rọ gbé fọ́tò àtijọ́ náà wọ inú kọ̀ǹpútà. N ó sọ òótọ́ fún yín, irú iṣẹ́ báyìí máa ń mú orí mi wú. Ẹnikẹ́ni ló lè sọ fọ́tò tuntun di dúdú òun funfun. Kí ó wá dà bí ẹni pé ọwọ́ kan náà ló tẹ̀ ẹ́, ní ọdún kan náà, iṣẹ́ nìyẹn. Nínú fọ́tò àtijọ́, dúdú kì í dúdú bí èédú, bẹ́ẹ̀ ni funfun kì í funfun bí òwú. Mo kọ́kọ́ gbé dúdú tuntun náà sókè díẹ̀ kó lè ṣá. Mo dín funfun kù. Mo fi àwọ̀ igi díẹ̀ sínú òjìji, díẹ̀ báyìí, tí ojú kò fi ní í mọ̀ ọ́n. Mo wọ́n àmì wínníwínní lé e lórí bí eruku ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí fíìmù àtijọ́ máa ń ní i. Lẹ́yìn èyí ni mo wá fi í wé apá òsì fọ́tò àtijọ́, ibi tí Aǹtí Kẹ́hìndé wà. Ó bá a mu gẹ́ẹ́! Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Mo fún fílítà náà lórúkọ, mo pè é ní Òsì.

Mo wá fi í wé apá ọ̀tún, ibi tí Táyé wà. Kò bá a mu.

Ó yẹ kí n retí rẹ̀, àbí? Aǹtí ṣáà ti sọ pé Táyé pọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣe fílítà, kì í ṣe ojú ènìyàn nìkan là ń wò. À ń wo ohun tí kò ní í yí padà: ìbọ̀sẹ̀, ríbọ́ọ̀nù, aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn. Mo fi àmì kọ̀ǹpútà tẹ ìbọ̀sẹ̀ Kẹ́hìndé kó lè sọ ìwọ̀n àwọ̀ rẹ̀ fún mi, mo tẹ ti Táyé. Ti Táyé pọ́n jù. Mo tẹ ríbọ́ọ̀nù. Ti Táyé pọ́n jù. Mo tẹ aṣọ títa tó wà lẹ́yìn wọn, mo tẹ ẹsẹ̀ àga. Gbogbo nǹkan tó wà lápá ọ̀tún ló pọ́n ju èyí tó wà lápá òsì, ìwọ̀n kan náà sì ni. Mo wá fẹ̀yìn ti àga. Ènìyàn lè pọ́n ju ìkejì rẹ̀ lọ, mo gbà. Ta ló ti rí ẹsẹ̀ àga tó pọ́n ju ìkejì rẹ̀ lọ rí?

Bí nǹkan bá ti rú mi lójú báyìí, mi ò lè jẹun mọ́. Àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Mo ṣe fílítà kejì tó bá àwọ̀ Táyé mu, mo pè é ní Ọ̀tún, mo fi gbogbo ọgbọ́n orí mi wá ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Ìyàtọ̀ náà kò ju ẹyọ kan lọ: apá ọ̀tún kàn nílò kí n mú un ṣókùnkùn níwọ̀n díẹ̀ kó lè bá apá òsì mu. Mo fà á lórí ẹ̀dà kan. Ó dọ́gba. Táyé kò pọ́n mọ́.

Nígbà tí wọ́n dọ́gba tán ni mo tó rí i. Ìbọ̀sẹ̀ òsì Kẹ́hìndé ti wálẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ òsì Táyé náà ti wálẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Òwú kan já létí aṣọ Kẹ́hìndé, ó ká kòrókòró. Òwú kan já létí aṣọ Táyé, ó ká kòrókòró. Mo sọ̀rọ̀ sókè nínú sítúdíò lémi nìkan. Mo ní, "Ìbejì lè jọra o. Ṣé ìbọ̀sẹ̀ wọn náà, ìbejì ni?"

Mo gé apá ọ̀tún, mo gbé e lé apá òsì lórí, bí ìgbà tí èèyàn gbé ìwé lé ìwé. Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù létí. Irun kan ò yọ jáde. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń wò mí láti inú kọ̀ǹpútà.

Mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, inú mi dùn pé mo rí i. Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi pé: Táyé dà? Ẹni tí Aǹtí ní kò ní àwòrán mìíràn láyé, kò sí nínú èyí náà.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, mo gun ọ̀kadà lọ sí ẹ̀yìn Ẹnuwá, ilé Bàbá Àlàní. Bàbá yìí ló kọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n ti fi kámẹ́rà sílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé fọ́tò àtijọ́ síwájú wọn, wọ́n á sọ ẹni tó yà á, wọ́n á sì sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mi ò dárúkọ ẹni tó ni fọ́tò. Mo kàn gbé ẹ̀dà rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.

Bàbá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìbejì alápá kan," wọ́n ní. "Ó pẹ́ tí mo ti rí i gbẹ̀yìn."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Bàbá?"

"Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, kí lẹ mọ̀ pàápàá? Láyé ìgbà náà, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀ fún ìyá. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa wọ̀ ọ́ láṣọ, kí inú èyí tó lọ lè dùn, kó má baà wá pe ìkejì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá di ọmọ ìjọ, tí àwọn mìíràn di mùsùlùmí, alùfáà ní wọn ò gbọdọ̀ gbé ère sílé mọ́. Ibo ni kí ìyá wá gbé e sí? Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. Ìyá á mú ọmọ kan wá, á ní, 'Ẹ bá mi ya àwọn ìbejì mi.' A kì í bi í pé èkejì dà. Ta ni yóò bi í? A ó ya èyí tó kù, a ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì sórí ìwé kan."

"Báwo lẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́?"

"Nínú òkùnkùn ni. A ó fi páálí bo ìdajì ìwé, a ó tan iná sí ìdajì kejì, a ó máa fẹnu kà á: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí dé ẹẹ́wàá. A ó pa iná, a ó gbé páálí sí òdìkejì, a ó tún kà á." Wọ́n gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú. "Ẹni tó ṣe èyí kò kà á dọ́gba. Iná pẹ́ lára ti apá òsì, ìyẹn ló ṣe dúdú. Mo mọ ohun tó fà á. Nígbà tó ń kà á lọ́wọ́, ẹnì kan kí i láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ṣé kò ní í dáhùn ni? Ṣé ọmọ tí wọn ò kọ́ ni? Á dáhùn, á béèrè aya, á béèrè ọmọ, iná sì ń jó ìwé lọ. Ó ṣe èmi náà rí, kò níye ìgbà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wú ikọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi ń sọ fún obìnrin kan pé àbúrò rẹ̀ rẹwà jù ú lọ, nítorí pé alábòójútó iná kan dúró dáhùn "ẹ kú iṣẹ́."

"Bàbá, ṣé ó yẹ kéèyàn sọ fún ẹni tó ni ín?"

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. "Ìyá tó ṣe é ti dákẹ́?"

"Ó ti dákẹ́, sà."

"Kì í ṣe irọ́ ló pa, ìwọ ọmọ yìí. Ẹ̀rù ló bà á. Ó ti sin ọ̀kan, kò fẹ́ sin ìkejì." Wọ́n dá fọ́tò náà padà fún mi. "Bó o bá máa sọ ọ́, sọ ìyẹn náà mọ́ ọn."

Mo ronú títí di Ọjọ́bọ̀. Mo ní n ó panu mọ́. Kí ni tèmi níbẹ̀? Wọ́n ní kí n ṣe fílítà, wọn ò ní kí n wá òkú. Bí mo bá sọ ọ́, Aǹtí á pàdánù àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀sẹ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an. Mo fi fílítà Òsì sórí fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó dára, ó dà bí ẹni pé fọ́tò àtijọ́ náà ló bí i. Mi ò fọwọ́ kan àwọ̀ Táyé. Iṣẹ́ ti parí. Ó kù kí n tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti mọ̀ mí báyìí. Ní òwúrọ̀ Fúráìdeè, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ mi ò gbélẹ̀. Mo ń rò ó pé: bí mo bá wá fi fílítà Ọ̀tún sí i ńkọ́, èyí tó ní àwọ̀ Táyé? Mo kàn fẹ́ rí i ni. Mo ṣe ẹ̀dà fọ́tò Aǹtí, mo fi Ọ̀tún sí i. Ojú rẹ̀ mọ́ díẹ̀, òjìji abẹ́ ojú rẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín dà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo tẹjú mọ́ ọn. Mi ò gbọ́ ìró ilẹ̀kùn.

"Jésù!"

Mo yí padà. Aǹtí Kẹ́hìndé tó wá wo iṣẹ́ rẹ̀ ló dúró lẹ́yìn mi, ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Táyé nìyẹn," ó ní. "Fisáyọ̀mi, báwo lo ṣe ṣe é? Táyé tó ti dàgbà nìyẹn." Omi ti ń dà lójú rẹ̀. Ó na ìka sí kọ̀ǹpútà, kò jẹ́ kí ó kàn án. "Bí ì bá ṣe rí nìyẹn. Wo bó ṣe rẹwà! Mo sọ fún ọ, ó rẹwà jù mí lọ."

Ẹ gbà mí, mi ò lè fara dà á. Gbogbo ìpinnu mi tú ká.

"Aǹtí, ẹ̀yin ni."

"Mo mọ̀ pé fọ́tò mi lo lò—"

"Rárá, mà. Ẹ̀yin ni. Tòní, àti ti ìgbà yẹn. Ẹ̀yin lẹ wà lápá òsì, ẹ̀yin náà lẹ wà lápá ọ̀tún. Táyé kò sí níbẹ̀, mà. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi."

Ó wò mí bó ṣe máa ń wò mí ní kíláàsì kẹta tí mo bá ṣi ìṣirò ṣe. Ó fa àga, ó jókòó.

"Fi hàn mí. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Mo fi hàn án. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ hàn án, mo fi òwú tó já hàn án. Mo mú kí apá méjèèjì dọ́gba lójú rẹ̀, mo wá gbé ọ̀kan lé ìkejì. Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó ní kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mo rántí bàtà yẹn," ó ní. "Ó ń ta mí lẹ́sẹ̀. Mo rántí pé ìyá mi gbé mi jókòó, ó ní kí n má mira. Mi ò rántí pé Táyé wà níbẹ̀. Mo máa ń rò pé mo kéré jù láti rántí ni." Ohùn rẹ̀ le lójijì. "Ìyá mi purọ́ fún mi! Títí ó fi kú, ojú ògiri yẹn ló ń nawọ́ sí: 'Kẹ́hìndé rèé, Táyé rèé.' Ó jẹ́ kí n máa jowú lásán!"

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Àlàní fún un bí wọ́n ṣe sọ ọ́: ère, alùfáà, páálí, ẹni tó ń kí ènìyàn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo ní, "Bàbá ní ẹ̀rù ló bà wọ́n, mà. Wọ́n ti sin ọ̀kan, wọn ò fẹ́ sin yín."

Aǹtí ń wo ọmọ apá ọ̀tún yẹn, èyí tí mo ti dá padà sí bó ṣe wà, tó pọ́n, tó rẹwà. Ó wò ó títí ara mi ò fi gbà á mọ́.

"Fisáyọ̀mi."

"Mà."

"Èyí tí àwọn àlejò ń wí. Èyí tí wọ́n ní ó rẹwà yẹn."

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ńlá tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí ní gbogbo ọdún tó fi kọ́ mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń fi gèlè àtijọ́ yẹn nu ojú. "Ara mi ni mò ń jowú! Yéè! Kẹ́hìndé, ó lé ní àádọ́ta ọdún tó o fi ń jowú ara rẹ!" Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì bá a sunkún, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe mọ́.

Nígbà tó dákẹ́, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Táyé wá ńkọ́?" ó ní. "Kí ló jọ?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Èmi náà ò mọ̀. Kò sí ẹni tó kù tó mọ̀." Ó nu ojú rẹ̀ tán, ó ká gèlè náà sórí ẹsẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi náà ṣe jókòó lọ́jọ́ yẹn, kò sì ní àwòrán rẹ̀. Ojú mi ló lò, nítorí kò ní ojú mìíràn."

Mo bi í bóyá kí n fi férémù náà sílẹ̀ ná. Ó ní rárá. Ó dìde, ó gba ọ̀dọ̀ kámẹ́rà lọ, ó sì jókòó sórí àga tí mo ti yà á lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

"Tún mi yà, n ó rẹ́rìn-ín báyìí. Tí o bá yà á tán, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méjì."

"Fílítà wo ni kí n fi sí ti Táyé, mà? Èyí tó pọ́n?"

"Fílítà kan náà ni kí o fi sí méjèèjì. Mi ò tún bá a jà mọ́." Ó tún léèsì rẹ̀ ṣe léjìká. "Tẹ̀ ẹ́ dáadáa, Fisáyọ̀mi. Lọ́la ni Táyé pé ọgọ́ta ọdún."